Òyìnbó Tó Fẹ́ Fi Ẹja Ọ̀ṣun Ṣeré

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Mo jókòó sínú mọ́tò Iléṣà ní gáréèjì Òṣogbo, à ń retí èrò, ni dẹ́rẹ́bà tó ń wa òyìnbó kan bá ń bẹ àgbà apẹja tó jókòó tì mí.

"Bàbá, ọ̀gá mi wá lo ìsinmi, owó ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ bá mi mú un lọ sódò Ọ̀ṣun, kó lọ ju ìwọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ wé kó lè jọ kòkòrò lójú ẹja."

"Ẹja Ọ̀ṣun? A kì í pa á nílùú yìí."

"Ṣebí Mùsùlùmí ni yín!"

"Mò ń kírun, alihamudulilahi. Ọmọ Òṣogbo náà ni mí."

"Kò ní pa á, bàbá. Tó bá ti mú un, yóò dá a padà sómi. Eré ló fi ń ṣe."

"Ẹja tí a kò ní jẹ, kí ló ṣe wá tí a ó fi fi ìwọ̀ fa ẹnu rẹ̀ ya?"

Títí dòní, ìbéèrè yẹn kò kúrò létí mi.

"Mo ti ṣèlérí fún un, bàbá! Iṣẹ́ mi lè bọ́."

"Ìwọ lo ṣèlérí, èmi kọ́. Sọ fún un pé mo mọ odò mìíràn lọ́nà Iléṣà. Ọ̀fẹ́ ni n ó mú un lọ. Ṣùgbọ́n ẹja tó bá fà jáde, yóò jẹ ẹ́ lójú mi, teegunteegun."