Àwàdà Tí Làtíìfù Ṣe Lẹ́sẹ̀ Òkìtì Ọba

[Àwọn tó ń sọ̀rọ̀: HÀLÍMỌ̀TÙ, ní Rye Lane, Peckham, LÀTÍÌFÙ, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, ní Uppsala, ní orílẹ̀-èdè Sweden.]

[Fóònù ń dún.]

LÀTÍÌFÙ: Àsàláámù àlékùmù, Ìyá Rahmah. Ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú —

HÀLÍMỌ̀TÙ: Wàálékùmù sàláámù, ọkọ mi. Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ara yín le? A dúpẹ́. Ó tó. Kí lẹ rí?

LÀTÍÌFÙ: Ha, mo rí nǹkan púpọ̀. Ìlú náà lẹ́wà gan-an. Odò kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Ilé ọba wọn wà lórí òkè, ó pupa díẹ̀ — kí n má baà purọ́, pink ni.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ọkọ mi, ṣé ilé ọba ni mo ní kí ẹ lọ wò?

LÀTÍÌFÙ: Rárá o.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ilé ta ni?

LÀTÍÌFÙ: Ilé Abdulbasit.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ilé Abdulbasit, tó ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ dúró ní ipò bàbá Rahmah. Mo ní kí ẹ mú Rahmah dání, kí ẹ lọ ṣe ìwádìí. Mo ní kí ẹ wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bóyá bàtà obìnrin mìíràn wà níbẹ̀. Ṣé ẹ wò ó?

LÀTÍÌFÙ: A kò tíì débẹ̀.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Lẹ́yìn ọjọ́ méjì?

LÀTÍÌFÙ: Ó ní kí n kọ́kọ́ mọ ìlú ná. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó kàwé ní yunifásítì wọn tán, ó wá ń mú àwọn àlejò kiri láti fi ìlú hàn wọ́n.

[Ariwo ọjà. Ọbẹ ń gé nǹkan lórí pákó.]

HÀLÍMỌ̀TÙ: Má tíì gé orí rẹ̀! — Ẹlẹ́ja ni mò ń bá wí, ẹ má bínú. Ó ń mú àlejò kiri. Ó sì wá fa ẹ̀yin náà kiri bí ewúrẹ́.

LÀTÍÌFÙ: A dé kàtídírà wọn. Wọ́n ní kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ga tó o ní gbogbo agbègbè yẹn. Èmi kọ́ ni mo wọ̀n ọ́n o.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Mùsùlùmí ni mo rán níṣẹ́. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ ń wò.

LÀTÍÌFÙ: A dé ọgbà ọ̀mọ̀wé kan láyé àtijọ́, tó fún àwọn ewéko ayé lórúkọ —

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ewúro ti ń jẹ́ ewúro kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ̀. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?

LÀTÍÌFÙ: Orúkọ méjì-méjì ni, Ìyá Rahmah.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ẹ ṣeun. Ìmọ̀ mi ti pọ̀ sí i. Ilé ọmọkùnrin náà ńkọ́?

[Ohùn ń já.]

LÀTÍÌFÙ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

HÀLÍMỌ̀TÙ: Mo gbọ́. Ohun tí mò ń gbọ́ ni kò lórí.

LÀTÍÌFÙ: Lánàá ni a wá lọ sí Uppsala Àtijọ́, lẹ́yìn ìlú. Òkìtì ńlá mẹ́ta wà níbẹ̀ tí koríko bò. Wọ́n ní àwọn ọba ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n sin sábẹ́ wọn. “Wọ́n ní” ni mo sọ o, nítorí èmi kò sí níbẹ̀.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Òkìtì. Ẹ wọ bàálù sọdá òkun lọ wo òkìtì. Ṣé kò sí ọ̀gán mọ́ ní Ìsẹ́yìn ni? Ẹja iwájú mi yìí ti kú pẹ́ ju àwọn ọba yẹn lọ, wọ́n ṣì ń pè é ní fresh.

[Ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn LÀTÍÌFÙ: “Daddy, bọ́ọ̀sì ti dé o!”]

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ta nìyẹn?

LÀTÍÌFÙ: Abdulbasit ni. Ó fẹ́ mú wa lọ sí Sigtuna, ìlú kékeré kan létí adágún. Wọ́n ní ó wà lára àwọn ìlú wọn tó pẹ́ jù —

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ta ni Daddy?

LÀTÍÌFÙ: Ẹ̀n?

HÀLÍMỌ̀TÙ: Nígbà tí a jọ rí i lórí video, “Sir” ló ń pè yín. Láti ìgbà wo lẹ ti di Daddy?

LÀTÍÌFÙ: Láti... láti àná.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá?

LÀTÍÌFÙ: Ibẹ̀ ni mò ń bọ̀. Mo fẹ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ ni, kí n má baà ṣì í sọ.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ẹ fò ó. Ẹ má tò ó.

LÀTÍÌFÙ: Àkókò ìrun àsàrì tó nígbà tí a wà lẹ́sẹ̀ òkìtì. Abdulbasit ní kí àwọn àlejò dúró de òun. Ó tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí koríko, ó sì léwájú. Àwa ọkùnrin mẹ́ta kírun lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Rahmah, ó wú mi lórí.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ó kírun. Ọlọ́run ló jẹ ní gbèsè ìrun, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ máa bọ̀.

LÀTÍÌFÙ: Nígbà tí a ṣe tán, mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo sì ṣe àwàdà.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Àwàdà wo?

LÀTÍÌFÙ: Mo ní, “Ẹni tó mọ ojú oórì olóríṣà tó báyìí kò ní ṣìnà ilé àna. Mo ti fi Rahmah fún ọ.”

[Ọbẹ ẹlẹ́ja nìkan ló ń dún.]

LÀTÍÌFÙ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

HÀLÍMỌ̀TÙ: Kí lòun wí?

LÀTÍÌFÙ: Ó ní, “Mo gbà á.” Mi ò tíì pa ẹnu dé.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ọkọ mi, ṣé ilé kéú kan náà tí ẹ̀gbọ́n yín lọ ni ẹ̀yin lọ, àbí ojú fèrèsé lẹ dúró sí? Ohun gbogbo lèèyàn lè fi ṣàwàdà. A kì í fi yìgì ṣe é! Ẹni tó bá fi ṣeré, àwọn àfáà ní ó ti di òótọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

LÀTÍÌFÙ: Mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà tó ti jáde lẹ́nu mi ni mo rántí.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ó dáa. Ẹlẹ́rìí dà? Láìsí ẹlẹ́rìí, afẹ́fẹ́ lásán ni.

LÀTÍÌFÙ: Akínkúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà níbẹ̀ —

HÀLÍMỌ̀TÙ: Kristẹni?

LÀTÍÌFÙ: Kristẹni ni.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Kò kà. Alhamdulillah.

LÀTÍÌFÙ: Àti Dáúdà. Àti Jẹ̀lílì. Àwọn ni a jọ kírun.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ha! Ní gbogbo Sweden tí òyìnbó kún fọ́fọ́, àárín Mùsùlùmí méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá lẹ ti lọ ń ṣẹ̀fẹ̀!

LÀTÍÌFÙ: Ẹ má bínú —

HÀLÍMỌ̀TÙ: Mi ò bínú. Rahmah ńkọ́? Níbo ló wà?

LÀTÍÌFÙ: Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ẹ̀n-hẹ́n! Ọ̀rọ̀ náà kò tíì bàjẹ́ nígbà yẹn. Rahmah tó bá council jà títí wọ́n fi tọrọ àforíjì! Kí ló sọ? Ṣé ẹ̀yin ló kọ́kọ́ bú ni, àbí Abdulbasit?

LÀTÍÌFÙ: Kò sọ nǹkan kan.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó gbóná ni.

LÀTÍÌFÙ: Ó wolẹ̀. Ó dákẹ́.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Rahmah?

LÀTÍÌFÙ: Rahmah.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ̀ nìkan ni ọmọ yẹn dákẹ́ rí.

[Ohùn ń já.]

LÀTÍÌFÙ: — bẹ́ẹ̀ ni mo wá ń rò ó, pé ìdákẹ́ wúńdíá —

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ìdákẹ́ wúńdíá ni gbígbà rẹ̀! Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó ba ọbẹ̀ jẹ́ ló tún ń béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é.

LÀTÍÌFÙ: Mo fẹ́ kó dá mi lójú ni. A ti lọ bá àfáà ibí. Ó ní òun á tún yìgì náà so dáadáa lọ́la, lójú gbogbo ènìyàn, bí ìyá ọmọ bá gbà. Rahmah sì ti sọ fún mi lálẹ́ àná pé bí ẹ bá ní rárá, òun á padà sí Peckham, ọ̀rọ̀ tán. Ẹnu yín ni gbogbo rẹ̀ kù sí.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ṣé ó ń sunkún nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀?

LÀTÍÌFÙ: Ó kọjú sí ògiri. Mi ò lè fi dá yín lójú pé ẹkún ni.

[Ẹ̀rọ bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún níhà LÀTÍÌFÙ.]

HÀLÍMỌ̀TÙ: Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin tó bá fi ilé òkú han àlejò, fi ọgbà hàn wọ́n, fi ṣọ́ọ̀ṣì hàn wọ́n, tí kò fi ilé ara rẹ̀ han àna, ohun kan ń bẹ nínú ilé náà. Kó wá jókòó níwájú mi ní Peckham. Títí dìgbà náà, rárá ni mo wí.

LÀTÍÌFÙ: Ìyá Rahmah? Bọ́ọ̀sì ti gbéra. Mi ò gbọ́ yín mọ́.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Mo ní rárá!

LÀTÍÌFÙ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mò ń bi yín kí n má baà ṣì yín sọ. Ṣé ẹ gbà?

HÀLÍMỌ̀TÙ: Rárá! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ohùn RAHMAH: “Uncle, what's Mummy saying? Ṣé wọ́n ń bínú?”]

LÀTÍÌFÙ: Wọn ò sọ nǹkan kan.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Mò ń sọ ọ́! Gbogbo Rye Lane ló ń gbọ́ mi!

LÀTÍÌFÙ: Ìlà kò já o, mo wò ó, ó ṣì ń ka ìṣẹ́jú. Ìyá Rahmah, ìgbà kẹta nìyí. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ báyìí.

HÀLÍMỌ̀TÙ: Mi ò gbà! Làtíìfù! Ṣé o gbọ́ mi? Ìwọ Làtíìfù! Mi ò gbà!

LÀTÍÌFÙ: Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì yìí, ẹ jẹ́rìí mi. Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ wọn. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n dákẹ́.

[Àwọn ohùn: “Alhamdulillah!” Àtẹ́wọ́. RAHMAH bú sẹ́rìn-ín.]

HÀLÍMỌ̀TÙ: Mi ò dákẹ́! Làtíìfù! Mi ò dákẹ́ rí láyé mi —

[Ìlà já.]