Ààrò Kan Ṣoṣo Létí Odò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, n kò fẹ́ kí ohùn mi ròkè. Obìnrin tí ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, tó ń tẹ ẹrẹ̀ kiri etí omi, Bọ́sẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìyálé mi ni. Òkúta ló ń wá, kó lè fi ṣe ààrò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ààrò tèmi rèé tó ń jó, ọbẹ̀ wà lórí iná, ó tó èèyàn mẹ́ta jẹ, ṣùgbọ́n kò ní fi ẹnu kàn án. Láti àná tí a ti dé ibí, gàrí ló ń mu. Ìyá rẹ̀ ló búra pé òun kò ní jẹ nínú ìkòkò mi láéláé, ọmọ sì gba ìbúra náà bí ẹni gba ogún. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni pé ìyá rẹ̀ jẹ nínú ìkòkò mi, ó jẹ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ, èmi nìkan ló sì kù láyé tó mọ̀ ọ́n. Ìyálé mi ti kú. Ta ni yóò wá jẹ́rìí mi?

Kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ ibi tí a wà yìí. Abúlé wa kò jìnnà sí Takọ́n, ọ̀pẹ ló yí wa ká. Nígbà tí ẹyìn bá pọ́n, àwa obìnrin ilé wa máa ń kó wá sí etí odò wá fọ epo, nítorí iṣẹ́ epo ń mu omi púpọ̀, kànga ilé kò sì lè tó o. A máa ń sùn síbí títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ má rò pé ibi ìgbádùn ni o! Zémìjàn tó bá gbé wa láti Sákétẹ́ yóò já wa sílẹ̀ níbi tí amọ̀ dúdú ti bẹ̀rẹ̀, nítorí alùpùpù kì í kọjá ibẹ̀. A ó ru ìkòkò àti bídọ̀n tí a ń rọ epo sí, a ó máa fi ẹsẹ̀ fa ẹrẹ̀ bọ̀. Kò sí ilé, àfi àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ kan tí a ń tún bò lọ́dọọdún, àti pèpéle oparun tí a ń tẹ́ ẹní lé. Kò sí iná mànàmáná. Igbó ni ilé ìgbẹ́. Omi odò yìí náà la ń mu, lẹ́yìn tí a bá dà á sínú ìkòkò kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀fọn ibí kò mọ àgbà. Pọtáábù tí ọmọ mi rà fún mi láti Kútọnu, bí mo bá gbé e débí, kò wúlò ju òkúta lọ, torí kò sí rẹ́sò tí a lè fi pe ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí níbi tí mo ti gbádùn ayé jù, ibí ni n ó nawọ́ sí.

Nígbà tí mo wọlé ọkọ mi, Bọ́sẹ̀ ni àbíkẹ́yìn ìyálé mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Lọ́jọ́ kan mo se ẹ̀wà, mo bu díẹ̀ fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti ń bì, ó ń yàgbẹ́, ojú rẹ̀ ti jìn. Wọ́n gbé e lọ gba ìtọ́jú, ó sì yè é, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò dúró kí ọmọ yè. Ó jáde sí àgbàlá, níwájú ọkọ wa àti àwọn àgbà ilé, ó ní mo fi nǹkan sí ẹ̀wà. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó ní bí òun tàbí ọmọ òun bá tún jẹ oúnjẹ tó ti inú ìkòkò mi jáde, kí ilẹ̀ gbé òun mì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ilé wa, ẹni tó bá fẹ́ tú irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ní láti kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, kó jẹ́wọ́ pé òun purọ́ mọ́ ẹnìkejì òun, kó sì bẹ ilẹ̀. Ìyálé mi, tí agídí rẹ̀ ju ti ewúrẹ́ lọ! Ṣé òun ni yóò kúnlẹ̀ nítorí ìyàwó kékeré?

Ọdún yẹn náà ni ọkọ wa ní kí àwa méjèèjì lọ fọ epo. Bàbá yẹn náà kúkú mọ ohun tó ń ṣe, tàbí kò mọ̀, n kò lè sọ. Mo to ààrò mi sábẹ́ àtíbàbà. Ìyálé mi ní òun kò lè bá mi dáná níbì kan náà, ó lọ to òkúta tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí odò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tẹ ẹyìn rí mọ̀ pé iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹ ó bọ́ sínú kòtò, ẹyìn sísè á máa yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, bí ẹ kò bá di ara yín léjìká mú, ẹ ó ṣubú lulẹ̀ ni. Báwo ni èèyàn ṣe ń di èjìká ẹni tí kì í kí i mú? A dì í mú. Òun kọ ojú sí ọ̀tún, èmi kọ ojú sí òsì, a ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìsọ̀rọ̀.

Òjò ńlá kan wá dé. Odò kún, ó gun ìsàlẹ̀ wá, ó gbé ààrò rẹ̀ lọ, ó gbé ìkòkò, ó gbé àpò gàrí. Ìyálé mi wá jókòó sí etí àtíbàbà, ó ń gbọ̀n. Mo ní kó wá jẹun, ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, òjò kò dá, ọ̀nà ilé ti di ọ̀gbàrà. Mo wo ojú rẹ̀, ó ti funfun. Mo bá se ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ pẹ̀lú epo tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, mo gbé abọ́ sí àárín àwa méjèèjì, mo kẹ̀yìn sí i, mo ń ṣa ẹyìn mi. N kò wẹ̀yìn. Nígbà tí mo fi máa yíjú, abọ́ ti ṣófo, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún kẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ní, “Ìyàwó, yíjú ẹ síbí jàre, kí ọrùn má baà máa dùn ẹ́.” Mo yíjú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ilẹ̀ ilé ló gbọ́ ìbúra mi. Ti etí odò ò gbọ́ nǹkan kan.” A rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Inú ẹkún yẹn ló ti bẹ̀ mí, pé òun mọ̀ pé n kò ṣe ọmọ òun ní ibi kankan, ìbẹ̀rù ló gbé òun dé ibẹ̀.

Láti ìgbà náà, ààrò kan ṣoṣo ni wá. Lọ́dọọdún, bí a bá ti kọjá amọ̀ dúdú, ìyálé mi á sọ ẹrù kalẹ̀, á ní, “Ìyàwó, kí la máa jẹ?” A sùn sórí ẹní kan, a fi aṣọ kan bora nítorí ẹ̀fọn. Ọ̀rọ̀ tí n kò sọ fún ìyá tó bí mi, mo sọ ọ́ fún un níbí. Bí a bá délé ńkọ́? Hà! Bí ológbò àti eku ni. Yóò ta mí lẹ́sẹ̀, yóò bú mi níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, èmi náà kì í sì í gbé ẹnu sílẹ̀. Nígbà tí a bá tún pàdé létí odò, á bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ọjọ́ báyìí kò dùn mí jù, pé òun náà rí i pé ó ti le jù. Mo bi í rí pé ìgbà wo la máa jáwọ́. Ó ní, “Bí mo bá kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà ilé wa, wọn ò ní jẹ́ kí n dìde mọ́. Jẹ́ kó wà níbí, ìyàwó. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.” Mo ṣèlérí fún un. Èmi náà rò pé a ṣì ní ọdún púpọ̀ níwájú.

Èèyàn kò mọ ọ̀la! Àìsàn kọ lù ú lójijì, apá kan ara rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn ní Pọ́bẹ̀, kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ se ẹ̀kọ àkàsà, ó yíjú kúrò. Wọ́n se ẹran, ó yíjú. N kò lè fara dà á mọ́. Mo se ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ bí a ṣe ń sè é létí odò, mo gbé e wọ yàrá rẹ̀. Bí òórùn rẹ̀ ṣe kàn án, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè. Ọlọ́run ló gbọ́, ó nà án sí abọ́ náà. Bọ́sẹ̀ dìde, ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi. Kò pariwo. Ó ní, “Ìyá kékeré, ẹ má bínú. Ìyá wa fi ilẹ̀ búra. Ṣé ẹ fẹ́ kí ilẹ̀ gbé wọn ni?” Mo wo ìyálé mi, òun náà wò mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní, ṣùgbọ́n kí ni ojú yẹn ń sọ? Ṣé ó ní kí n sọ̀rọ̀, àbí ó ní kí n rántí ìlérí mi? Mo yà lọ́nà fún Bọ́sẹ̀. Bọ́sẹ̀ gbé abọ́ jáde, ó da ọbẹ̀ náà fún ajá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyálé mi fi kú.

Wọ́n sin ín, n kò ráyè sunkún. Ẹkún orogún, ta ni yóò gbà á gbọ́? Bí mo bá sunkún díẹ̀, wọ́n á ní inú mi dùn. Bí mo bá sun púpọ̀, wọ́n á ní mò ń ṣe ojú ayé. Àwọn obìnrin àdúgbò ń kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín abẹ́nú, pé mo kú oríire, ilé ti kù fún èmi nìkan. Mo ní ẹ ṣeun. Nígbà tí mo lọ pọnmi ni mo tó sunkún mi, ìyálé mi, ọ̀rẹ́ mi, ìkejì mi nínú kòtò ẹyìn.

Ẹyìn tún wá pọ́n lọ́dún yìí. Ọkọ wa ránṣẹ́ pe Bọ́sẹ̀ láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ahoyéyé, pé kó wá rọ́pò ìyá rẹ̀. Ó gbé ìkòkò tirẹ̀ dání wá. Láàárọ̀ yìí a tẹ ẹyìn, ó di èjìká mi mú, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀. Nígbà tí a jáde nínú kòtò, ó wò yíká, ó wò ó títí, ó ní, “Ìyá kékeré, ààrò ìyá mi dà?” Mo ní odò ti gbé e lọ. Irọ́ kọ́, ẹ gbà mí gbọ́, odò ló gbé e lọ lóòótọ́! Ó ní kò burú, òun á to òmíràn. Ibi tó sì yàn, ìsàlẹ̀ yẹn náà ni, ibi tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ to tirẹ̀ sí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ tí mo bu ẹ̀wà fún nítorí ìfẹ́ yóò lọ sí sàréè rẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé mo fẹ́ pa òun. Bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ da ilẹ̀, àwọn ará ilé á sì ní ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi mú un, pé ìkòkò mi ló pa á ní ìkẹyìn. Kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà. Mo máa ń bi ara mi bóyá ilẹ̀ etí odò ń gbọ́ràn. Àmọ́ bí mo bá rántí ọwọ́ tó nà sí abọ́ yẹn, mo máa ń rò pé ẹni tí ebi ń pa kò fẹ́ kí a máa pa àṣírí mọ́ fún òun.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú, òjò ń bọ̀. Ó ti rí òkúta méjì, ó ti tò wọ́n. Ẹ wò ó, ó ti ń bọ̀ láti etí omi, ẹ̀kẹta wà lórí rẹ̀, ó wúwo, ọrùn rẹ̀ ń mì. Ó ti ń pè mí pé kí n wá bá òun sọ̀ ọ́. Mo ń dìde lọ. Ẹ tètè sọ fún mi, ẹ̀yin ènìyàn mi: kí n bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, àbí kí n ní kó dá a padà sódò, kó wá jókòó, kó jẹun?