Ráútà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ìyá Ràímì, ẹ má wulẹ̀ ní kí n jókòó, mi ò fẹ́ jókòó, àbí ẹ jẹ́ kí n jókòó, ó ti rẹ̀ mí, ẹ gbé ẹ̀wà yẹn wá kí n bá yín ṣà á kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe, torí tí mo bá tún wọ yàrá mi lọ́hùn-ún tí fóònù mi ò mú nǹkan kan, mi ò mọ ohun tí ẹnu mi máa sọ nínú ilé ọkọ mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀la ni ìdánwò mi? Láàárọ̀ ọ̀la. Orí ẹ̀rọ la ti máa ṣe é, kámẹ́rà á máa wò mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí nẹ́tíwọ̀kì bá já pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti tì mí síta nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ráútà tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì, tí gbogbo wa jọ rà, wà nínú ilé yìí, ó ń tàn, nínú kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Ráútà tí èmi fúnra mi wá rí. Ẹni tó ń tà á ní Àpòmù fẹ́ fi èyí tó pọ́ọ́kú jù lé mi lọ́wọ́, mo ní ṣé gbogbo síìmù ló ń gbà, ó ní ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, mo ní tí ilé-iṣẹ́ yẹn bá wá dákẹ́ ní Ìkirè ńkọ́, ó ní kí n gbàdúrà kó má dákẹ́. Ó gbé òmíràn jáde, ńlá, antẹ́nà rẹ̀ nà bí ìwo, ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n kò ní bátìrì nínú. Ní ìlú tí iná ń ṣe bí àlejò? Mo ní rárá. Mo wọkọ̀ dé Wásinmi lọ bá olùkọ́ kan, Lùkúmọ̀n, tó ti ń lo irú èyí tí mo padà rà yìí, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní kì í sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í já, síìmù tó bá wuni la lè kì bọ̀ ọ́, bí iná bá lọ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ohun tí apá wa ká nìyẹn, tó sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ṣé torí ara mi nìkan ni? Ẹ̀yìn ilé tí wọ́n kó àwa ìyàwó sí, ògiri amọ̀ ayé àtijọ́ ni, nẹ́tíwọ̀kì fóònù kì í wọ ibẹ̀ rárá. Mo ní kí gbogbo ilé jẹ ẹ́ ní dọ́gba, ọmọ ilé àti ìyàwó ilé, torí dọ́gba la dá owó rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé, mo ti mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Ojú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, àárín gbùngbùn ilé, kó lè kan gbogbo wa. Ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ gbé e lọ fún Bàbá kí wọ́n ṣàdúrà sí i. Ó dáa, mo kúnlẹ̀, wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúrà, a ṣe àmín, bí mo ṣe nawọ́ pé kí n gbà á padà ni wọ́n dìde, ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ilẹ̀ oko. Wọ́n ní ohun àjọrà, ọwọ́ àgbà ló ń gbé. Wọ́n tiẹ̀ pe káfíńtà kó wá lu ihò sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kí wáyà iná lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Mo mọ̀ pé àṣà ilé yìí ni. Ìkòkò ìnáwó ń bẹ ní yàrá Bàbá, àga àlejò ń bẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ráhùn rí. Ṣùgbọ́n Ìyá Ràímì, ìkòkò kò dà bí eléyìí, ẹ lè tì í mọ́lé fún ọdún kan, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e síta á se ọbẹ̀. Eléyìí, ibi tó bá wà ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí tùràrí ni. Tí ẹ bá jó tùràrí sínú kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló máa ta sánsán.

Mi ò pe Bàbá ní ahun o, ẹ má gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í jẹ ẹran kí wọ́n má pín in. Wọn ò tiẹ̀ ní fóònù tó lè lò ó. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, pé ẹni tó tì í pa ò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀, Humairah tí a jọ jẹ́ ìyàwó ilé sì wà níbẹ̀ yẹn tó ń ta dòdò Ìkirè, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láti Ìbàdàn, ìgbà tó bá tó jáde sí títì ló ń rí i, wọ́n á ti ra ti ẹlòmíràn. Ìyá Àbídì ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ wà ní Sáúdì, inú fóònù nìkan ni Àbídì ti mọ ojú bàbá rẹ̀, tí ojú yẹn bá sì yọ báyìí, á dì gbagidi, ọmọ á bú sẹ́kún.

Mo sọ fún Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi, pé kó bá mi bá Bàbá sọ ọ́, ó kàn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó, bó o ṣe gbọ́n tó yìí náà lo fi ọwọ́ ara rẹ gbé e lọ fún wọn?” Ni mo bá fúnra mi lọ kúnlẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò ni mo ní lọ́la. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? “Nimotallahi, o ó yege, Ọlọ́run ò ní dójú tì ọ́.” Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà tó gùn, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sápò, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sóko kòkó ní Ararọ̀mí-Òwu, ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la kí wọ́n tó dé. Àdúrà lórí mi, kọ́kọ́rọ́ lápò wọn. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn?

Ẹ̀yin ni mo wá bá. Ìyàwó ni mí, mi ò lè bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ọmọ bíbí ilé yìí ni yín, ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n, ọ̀rọ̀ yín ń wọ̀ wọ́n létí. Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rán ọlọ́kadà wá. Kí ló dé tí ẹ ń mi orí? Ẹ ò fẹ́ kó di ìjà. Èmi náà ò fẹ́ ìjà, mo fẹ́ ṣe ìdánwò ni.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ tún un sọ. Pé ó ń wọ yàrá tiyín níbí? Látìgbà wo? Látìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, torí ògiri yín ni kọ́bọ́ọ̀dù fara tì, ẹ sì ń sùn gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì yín ẹ ń wo wàásù, ẹ̀ ń wò mí bí mo ṣe ń na fóònù sókè káàkiri ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó ń wá adìẹ tó sọnù. Ìyá Ràímì. Ìyá Ràímì.

Rárá, mi ò bínú, ó ti rẹ̀ mí ju kí n bínú lọ. Ẹ ní kí n rọra yọ́ wá lọ́la, kí n wá ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì yín, kí n má jẹ́ kí àwọn tó kù gbọ́. Ẹ wo bí ẹ ṣe fẹ́ fi ohun tó jẹ́ tèmi ṣe mí lóore. Tí mo bá yege bẹ́ẹ̀, ojú wo ni mo máa fi wo Humairah?

Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀. Mi ò lè purọ́ fún yín, mo nílò rẹ̀, mò ń bọ̀. Mi ò kàn ní yọ́ wá. Ẹnu ọ̀nà gangan ni mo máa gbà wọlé, èmi nìkan kọ́ sì ni. Àwọn yòókù á dákẹ́ fún mi títí tí n ó fi parí, mo mọ̀ wọ́n. Tí mo bá parí, Humairah á gbé igbá dòdò sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yín, á máa pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Àbídì á máa pariwo sí bàbá rẹ̀ ní Sáúdì, èmi á máa kàwé níbi ìrọ̀rí yín. Ojoojúmọ́ la ó máa wá, títí ẹ ò fi ní rí àyè na ẹsẹ̀ mọ́, tí ẹ̀yin fúnra yín á dìde lọ bá ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n gbé nǹkan yìí síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni mò ń bá yín sọ. Ẹ wá ẹní sílẹ̀ dè wá, èyí tó fẹ̀.