Omi tí mo dà sínú ẹ́ńjìnnì Bàbá Afọláyan

Ọkùnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí gbogbo èbúté ń pè ní gbájúẹ̀. Bàbá Afọláyan lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe gbájúẹ̀. Èmi Àṣíáwù, tó ń dín dòdò ní Ìkirè, ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ó sì di ọdún méjì báyìí tí mo ti ń jẹ, tí mo ń mu, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó tó gẹ́ẹ́. Màá sọ ọ́ bí mo ṣe ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwáwí.

Adésọjí ọkọ mi fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú ẹ́ńjìnnì tó ń fa omi kó tó fẹ̀yìntì. Bó ṣe fẹ̀yìntì ló ní ọkọ̀ ojú omi tó ní yàrá lòun máa rà, kí àwa méjèèjì máa gbé inú rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Èkó, dé Àgbádárìgì, dé Àjàṣẹ́, débi tó bá wù wá. Kì í ṣe ọkọ̀ asáré. Ó ní, "Ọkọ̀ asáré a máa mu epo bí ọ̀mùtí. Irú èyí tí àwọn apẹja ń gbé lọ sójú òkun ni mo fẹ́, kékeré rẹ̀: kí ikùn rẹ̀ gbòòrò, kí imú rẹ̀ ga, kó ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi lè dé gbogbo ara rẹ̀. Ohun tí arúgbó méjì kò bá lè dá wà, kí wọ́n má rà á."

A wo mẹ́ta, kò mú wọn. Àkàbà ọ̀kan ga jù fún ẹsẹ̀ mi. Òmíràn, ó ní bí ìgbì bá dé níbi tí mo ti ń se ọbẹ̀, kò sí ohun tí màá fẹ̀yìn tì. Ó fi okùn wọn mí láti ilẹ̀ dé ìbàdí, ó sì ń fi okùn náà wọn irin tó yí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ká, kí n má baà ré bọ́ somi. Èmi tó ń ṣe é fún sì ń gbàdúrà kó má rí kankan rà. Odò tó wà lẹ́yìn oko bàbá mi ní Apòmù gbé ọ̀rẹ́ mi lọ lójú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà, omi tó bá ti kọjá orúnkún, ẹ ò ní bá mi níbẹ̀. Mi ò sọ fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé, "Ó dáa, Bàbá Fẹ́rànmí. Ẹ jẹ́ ká tún wo òmíràn."

Ẹ̀kẹrin ni ti Bàbá Afọláyan. Àkàbà rẹ̀ gbà mí, irin rẹ̀ bá okùn mu. Bàbá ní, "Èmi àti ìyàwó mi la jọ fi rìn dé Wàrí kó tó kú. Ẹni méjì tó bá ara wọn rẹ́ ni mo fẹ́ tà á fún." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní a ó padà wá lọ́jọ́ Sátidé láti tan ẹ́ńjìnnì wò; bó bá ti dára, ó parí.

Mo gba Apòmù lọ bá Fúnmilọ́lá àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò lọ."

Mo ní, "Wọ́n á ní mo ba ayé àwọn jẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ̀ ọ́ nígbà náà. Ta ni wọ́n fẹ́ bá jà?"

Àwàdà ló ṣe. Èmi ni mo sọ ọ́ di iṣẹ́. Ohun tí ọkọ mi máa kọ̀ kò ṣòro fún mi láti mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi: bí omi bá wọ inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, á funfun, ọkọ̀ tí ọ́ìlì rẹ̀ bá funfun, inú rẹ̀ ti sán, ẹ sá fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì wà níwájú ọkọ̀, wọ́n ń wo ìdákọ̀ró. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ilé ìdáná. Mo ṣí ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, mo yọ ọmọrí ojú ihò ọ́ìlì, mo da omi ike kan sí i, mo sì dé e padà. Mo tún fi etí aṣọ mi nu ojú ihò náà gbẹ. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn.

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó dún dáadáa, wọ́n pa á. Ọkọ mi fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ó funfun bí ògì. Ó nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ògì náà ni.

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì yín ń mu omi."

"Èyí? Kò mu omi rí."

"Ẹ wò ó."

Bàbá wò ó títí. "Mo fi ìyàwó mi tó wà nínú ilẹ̀ búra, mi ò mọ̀ sí i."

Ọkọ mi, tí kì í gbójú sí àgbà, gbé ohùn sókè níṣojú àwọn apẹja. "Ẹ fẹ́ kí èmi àti ìyàwó mi kú sójú omi. Oníjìbìtì ni yín."

Bàbá Afọláyan yíjú sí èmi. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ wà nísàlẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ rí ẹnikẹ́ni nídìí ẹ́ńjìnnì?"

Mo lè dúró níbẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo tíì bà jẹ́. Mo ní, "Mi ò rí ẹnì kankan. Bàbá Fẹ́rànmí, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tan èèyàn jẹ kì í jẹ́wọ́." Ẹnu èmi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó tún wo ọkọ̀ náà mọ́ ní èbúté. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Bàbá tẹ̀ wá láago. Ó ní òun ti tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, kò sán níbì kankan. Òun ò bèèrè nǹkan kan, kí a ṣáà mọ̀. Ọkọ mi pa fóònù. "Ọ́ìlì kì í ṣàdédé funfun." Òótọ́ ló sọ.

Jímọ̀ tó kọjá, tọkọtìyàwó kan tó fẹ́ ra mọ́tò àlòkù dúró rajà níwájú ìsọ̀ mi. Ọkọ mi fi ìtàn náà kìlọ̀ fún wọn, ó dárúkọ Bàbá, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó òun. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ fún mi. "Ìyá, ẹ kú làákàyè." Mo sọ agbada kalẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo da omi sí i."

Wọ́n lọ, wọn ò ra dòdò mọ́. Ọkọ mi fa igi iná kúrò nínú ààrò, ó ní, "Kí ló dé tó ò sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Mo ní, "Ẹ wọn ìbàdí mi, ẹ wọn ẹsẹ̀ mi, ẹ ò bi mí rí bóyá mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo lẹ́nu. Èmi ni mi ò lò ó."

Kò tíì jẹ oúnjẹ mi láti ọjọ́ náà. Ó tọ́ sí mi. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ọkọ, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ fẹnu yín sọ ọ́. Ọkọ lè bínú fún ọ̀sẹ̀ kan; irọ́ á wá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, á gùn ún lẹ́yìn títí ayé.

Lọ́la, àwa méjèèjì ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mi ò ní wọ yàrá lọ bẹ Bàbá ní kọ̀rọ̀. Àwọn apẹja tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni màá kọ́kọ́ pè jọ. Bàbá Afọláyan, bí èyí bá ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Bí ẹ ò bá sì lè ṣe é, ẹ jàre. Mi ò wá torí ọkọ̀. Orúkọ yín ni mo ń gbé bọ̀.