Ewé Tí Mo Fà Ya Nínú Ìwé Ìran

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1979, Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi kú. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tú ẹrù rẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò jẹ́ kí n lè pa òótọ́ mọ́ra mọ́. Ẹ̀yin ará ilé àdúrà wa ní Òrè, èmi Zachariah, akọ̀wé yín, ni mo lé Láoyè lọ. Ẹ rò pé Ọlọ́run ni.

Àwọn ọmọdé inú yín lè má mọ̀ ọ́n. Ará Ìkirè ni, ó ń dá oko kòkó fún olóko ní Ajue. Kò mọ̀wé. Síbẹ̀, bí ìbànújẹ́ bá kan ẹnikẹ́ni nínú ìjọ, òun ni wọ́n ń béèrè. Èmi tí mo ka ìwé gírámà, tí mo lè fi ẹsẹ Bíbélì mẹ́fà gba ènìyàn níyànjú láìṣí ìwé, wọ́n á kí mi, wọ́n á sì máa wo ẹ̀yìn mi bóyá ó ń bọ̀. Kí ni ọkùnrin yìí ń sọ fún wọn?

Mo fẹ́ mọ̀ débi pé mo tẹ̀ lé e lọ́sàn-án ọjọ́ kan dé ilé Elizabeth, opó tí ọkọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta ní sàárè. Mo dúró sẹ́yìn ògiri bí olè. Wọ́n ń fi òkúta méjì tí Láoyè gbé wá pa ẹ̀kùrọ́. Nígbà tó yá, Elizabeth ní, "Láoyè, èyí tí ò ń jẹ pọ̀ ju èyí tí ò ń pa lọ o."

Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Mo ń bá yín tọ́ ọ wò ni, kó má baà korò."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó sọkún, Láoyè kò sì ní kó dákẹ́. Ó ń pa ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan ni! Mo bínú padà sílé, mo ní kò sí ohun tí ènìyàn lè kọ́ níbẹ̀. Irọ́ ni. Ó wà, mi ò fẹ́ kọ́ ọ ni.

Ní ọdún 1975, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ l'Ékòó, àwọn ará ìlú Láoyè tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Ó ní òun kò ní lọ láìgbọ́ ti Ọlọ́run. Ní ìsìn Ọjọ́rú, Ẹ̀mí gbé Ìyá Ẹfúnróyè, aríran wa. Ẹ mọ̀ pé ohùn rẹ̀ kì í ròkè, bó bá sì jí, kì í rántí. Ohun tí akọ̀wé bá kọ ni ìran. Ìjọ ń gbàdúrà kíkan, èmi nìkan ni mo kúnlẹ̀ tì í. Mo kọ ọ́ bó ṣe wí: "Kí àlejò náà dúró. Àwọn tí ó rẹ̀ ń fẹ̀yìn tì í."

Mo fa ewé náà ya nínú ìwé ìran, mo rún un, mo kì í bọ àpò sùtánà mi, èyí tí Morẹ́nikẹ́ máa ń fọ̀. Mo kọ òmíràn: "Kí àlejò náà dìde, kí ó máa lọ." Mo kà á sókè. Ẹ ṣe àmín.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Láoyè jáde, ó tún padà wọlé. Ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ṣé bẹ́ẹ̀ gan-an l'Ẹ̀mí wí? Torí Ìyá Elizabeth ni o, ara wọn kò tíì balẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ tó ti lọ, a kò gbúròó rẹ̀. Kò pẹ́ tí Elizabeth náà kò fi wá sí ìsìn mọ́, èmi kò sì bẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Èkó, bí ẹ bá rí ọkùnrin kúkúrú kan tí àtàǹpàkò òsì rẹ̀ kò ní èékánná, ẹ sọ fún un pé dúró ni Ọlọ́run wí.

Ohun tí Morẹ́nikẹ́ fi sílẹ̀ nìyí: aṣọ àdúrà funfun méjì, ìkòkò epo kan tí kò kún, òkúta ẹ̀kùrọ́ méjì, ti Láoyè, tí Elizabeth sọ fún mi níbi ìsìnkú pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni òun àti Morẹ́nikẹ́ jọ ń lò, Bíbélì rẹ̀, àti nínú Bíbélì náà, ewé kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, tí mo ti rún, tí ẹnìkan ti fi ọwọ́ tẹ́ títí ó fi dán.