Ta Ni Alága?

Ọ̀gá, kí n lọ kúnlẹ̀ fún ta? Fún alága ayẹyẹ yẹn? Ẹ ní bí n kò bá bẹ̀ ẹ́ kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, kí n má dé ṣọ́ọ̀bù yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀, èmi àti àwọn àga tẹ́ ẹ fi ń háyà lẹ kàn rán lọ.

Ayẹyẹ ìbọ̀wọ̀ fún olùkọ́ ni wọ́n pè é. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára aṣọ, wọ́n fi kọ́ iwájú ilé-ìwé. Mo to àga tán, àwọn olùkọ́ ti jókòó sábẹ́ ibòji, ni alága bá dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ikùn ló ń ṣíwájú wọn. Ó ní kí wọ́n fún àwọn àlejò pàtàkì láyè. Bí wọ́n ṣe gba àga lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n kó wọn sínú oòrùn nìyẹn, bí aṣọ tí wọ́n sá. Ìyá Tíṣà wà láàárín wọn o, ìyá tó kọ́ tèmi tìrẹ ládùúgbò yìí ní ìwé, tí orúnkún rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Alága wá ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni ìmọ́lẹ̀, olùkọ́ ni òpó. Òpó ni lóòótọ́, ṣebí òpó kì í jókòó.

N kò ṣe nǹkan kan títí dìgbà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká dìde fún àwọn olùkọ́ wa."

Ọ̀gá, kí ni wọ́n ń pè ní dìde fún àgbà? Ìyá Tíṣà náà ló kọ́ mi, kí n tó sá kúrò nílé-ìwé. Bó bá wọlé tí ìdí mi ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, á fa etí mi títí á fi fẹ́ẹ̀ gùn ju ti ehoro lọ, á ní, "Bí o bá dìde fún àgbà, ìwọ kọ́ lo máa padà jókòó síbẹ̀." Ìwé yòókù ti fò lọ, ìyẹn nìkan ni kò lọ.

Wọ́n dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ni mo bá rọra ń fa àga kúrò nídìí wọn, mo ń gbé e fún olùkọ́. Ìyá Tíṣà jókòó, ó mí kanlẹ̀. Alága pàtẹ́wọ́ tán, ó fẹ́ jókòó, ilẹ̀ ló gbà á, bàtà méjèèjì kọjú sókè. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú.

Ó ní mo dójú ti òun. Ta ló wá dójú ti àwọn olùkọ́ tí òun lé sínú oòrùn?

Ẹ má fọwọ́ bo ẹnu, Ọ̀gá, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa, mo gbà, mo máa bẹ alága. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni àga là ń pè ní alága. Àga tiẹ̀ dà? Ẹ̀yin lẹ ni gbogbo àga ibẹ̀. Ẹ wò ó, mo ti kúnlẹ̀. Alága, ẹ má bínú.

Mo ti bẹ alága o. Aago mélòó ni kí n dé lọ́la?