Ṣíbí Ẹyin Ẹja Tí Mo Jẹ Lójú Gbogbo Yín

Àbúrò mi, gbé àwo oúnjẹ yẹn sílẹ̀ ná. Dókítà ti sọ fún ọ pé àìsàn yìí ò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, o sì rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò fẹ́ gbé lọ. Jókòó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó ti bàbá yín. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe.

Ẹ mọ̀ pé ìjẹ ìwọ̀ ni mò ń tà fún àwọn apẹja létí odò. Ẹyin ẹja ni mo fi ń ṣe é. Màá yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà fọ́, màá wọ́n iyọ̀ àti ṣúgà sí i, màá wá bu ìyẹ̀fun funfun tí àwọn alágbàfọ̀ ń dà sómi aṣọ lé e lórí. Ìyẹ̀fun yẹn ló ń mú kó le, kó lè dúró lẹ́nu ìwọ̀. Májèlé ni fún ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kán aró pupa sí i, nítorí pé Ìyá wa fẹ́ràn ẹyin ẹja oníyọ̀, ìgò tiwọn sì wà nínú fíríìjì kan náà. Èyí tó bá pupa, tẹja ni. Èyí tí kò pupa ni tènìyàn. Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, aró tán. Èmi ọ̀lẹ, mi ò lè rìn dé ìsọ̀ tó wà níwájú ilé. Mo ní màá rà á lọ́la. Mo ti ìgò ìjẹ tí mi ò tíì kán aró sí náà sẹ́yìn nínú fíríìjì, mo bá tèmi lọ.

Ìyàwó rẹ ló fún Ìyá lóúnjẹ. Ta ni kò mọ bó ṣe ń tọ́jú wọn? Nígbà tí mo fi dé, Ìyá ti ń bì, ojú wọn ti yí. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, èmi ní kí n dúró tilé. Mo ṣí fíríìjì. Ìgò ìjẹ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó yẹ kí n sáré tẹ̀lé yín, kí n sọ fún dókítà. Ẹ̀rù bà mí, àbúrò mi, ẹ̀rù bà mí bí ọmọdé. Mo da ìyókù nù, mo fọ ìgò náà, mo bu ẹyin ẹja gidi sínú ẹ̀ láti inú ìgò Ìyá, mo dá a padà síbi tó wà.

Ẹ dé láì mú Ìyá bọ̀; wọ́n ti kú. Ìyàwó rẹ ń sunkún, ó ní, "Ẹyin ẹja inú ìgò yẹn ni mo fún wọn, mi ò fi nǹkan kan sí i! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí lẹ fi sínú ìgò yẹn?" Gbogbo yín kọjú sí mi. Mo bu ṣíbí kan, mo jẹ ẹ́ lójú gbogbo yín, mo sì lá ṣíbí. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Obìnrin náà wò mí. Ó ti mọ̀. Ìwọ ní kó kẹ́rù ẹ̀, ó sì lọ láì mú ọmọ kankan dání.

Àìmọye ìgbà ni mo ti fẹ́ kó ẹrù mi kúrò nílé yìí. O máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo tún ní? Ọpẹ́lọpẹ́ yín lára wa, obìnrin yẹn ì bá pa gbogbo wa." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mò ń jẹun rẹ, mò ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń bèèrè ìyá wọn, mi ò sì rí ibi sá sí.

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe ni ti ìgò yẹn. Ti ṣíbí yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi láéláé.

Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, ṣùgbọ́n má tíì dá mi lóhùn. Mo ní kí nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú mi bá mi pe ìyàwó rẹ, ó sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wẹ̀yìn wò. Òun ni kó o kọ́kọ́ bẹ̀.